Omi Tí Wọ́n Tì Pa ní Mpape

Ẹ̀yin ará Ṣakí, mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Láti ọjọ́ tí mo ti padà dé ni ẹ ti ń sọ ọ́ lẹ́yìnkùlé mi, pé Jóṣúà gbé àpò kan lọ sí Àbújá, àpò kan náà ló sì gbé bọ̀. Òótọ́ ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń wo ẹrù mi, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi mí léèrè ohun tí ojú mi rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíírò. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí bàbá mi tó fi òòlù lé mi lọ́wọ́, gbogbo yín sì mọ̀ pé ìwé mẹ́ta ayé ìgbà tiwa ju ìwé mẹ́wàá àwọn ọmọ ìsinsìnyí lọ. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí kò bá lè kà, kó wá ẹni tí yóò kà á fún un.

Ìlú tí a kì í kí ènìyàn

Ìgbà tí àwọn alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn ṣọ́jà ni mo dé Àbújá. Wọ́n ti sọ fún wa nílé pé owó ń ṣàn nínú gọ́tà níbẹ̀. Gọ́tà ni mo rí, n kò rí owó. Títì wọn fẹ̀ débi pé bí o bá jẹun yó kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá, ebi á ti tún máa pa ọ́ kí o tó dé òdìkejì. Ilé wọn ga, ògiri wọn funfun, ṣùgbọ́n ẹnu wọn wúwo. Ènìyàn mọ́kànlá ni mo kí láti ibi tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ títí mo fi gun òkè Mpape. Ẹni méjì ló dáhùn, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì sì ti ń dá sọ̀rọ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Orí òkè ni Mpape wà. Bí o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí mo háyà, ìsàlẹ̀ ni wàá máa wo kí o tó rí Maitama, níbi tí àwọn ọlọ́lá ń gbé. Òkúta tí wọ́n fi kọ́ ilé wọn, ọ̀dọ̀ wa lókè ni wọ́n ti gbé e. Páànù ni tiwa, eruku òkúta ló sì kùn ún ní ọ̀dà. N kò rí ẹnì kan nínú wọn kó gbé ojú sókè wò wá.

Obìnrin Gwárí kan tí wọ́n ń pè ní Làdí ló kọ́kọ́ ṣe mí bí ènìyàn. Àkàrà ló ń dín lẹ́bàá ọ̀nà ibi ìfọ́kúta, kòsé ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn, ó sì ń ta kúnú tútù mọ́ ọn. N kò gbọ́ Haúsá, kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ní "sànnu," èmi náà ní "yauwa," ó bá fi kòsé kan lé tèmi. Èjìká ni àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń ru ẹrù, wọn kì í fi orí rù ú. Mo fi pijin bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní orí ni ọba ara, ta ló ń di ẹrù lé ọba? Èmi sì rèé, mo ti ń fi orí ru òkúta láti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n mi, ṣùgbọ́n kòsé ni mo bù jẹ lọ́jọ́ náà dípò èsì.

Ìlà funfun

Ibi ìfọ́kúta yẹn ni mo ti rí iṣẹ́, iṣẹ́ náà kò sì bà mí lẹ́rù. Ọmọ Àsàbàrí ni mí, àárín àpáta ni wọ́n bí mi sí. Lọ́jọ́ kẹta tí mo débẹ̀ ni mo fi òòlù pín àpáta kan tí ẹ̀rọ wọn ti ń lù láti àárọ̀ tí kò mira. Mo wo bó ṣe dùbúlẹ̀, mo wá iṣan rẹ̀, mo lù ú lẹ́ẹ̀mẹfà, ó là. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Kátápílà.

Òyìnbó márùn-ún ló ń darí ibẹ̀. N kò mọ ìlú tí wọ́n ti wá, kò sì kàn mí. Ọ̀gá wọn ga, ó pọ́n bí ẹni tí oòrùn ń bá jà, kì í bọ́ dígí dúdú kúrò lójú. Abẹ́ igi máńgòrò kan ni wọ́n gbé táńkì omi wọn sí, omi tútù tó mọ́ bí ojú ọmọdé, ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ ń dán, wọ́n sì fi àgádágodo tì í. Wọ́n fi ọ̀dà funfun fa ìlà yí igi náà ká. Ènìyàn dúdú kò gbọdọ̀ kọjá ìlà yẹn, àfi alásè wọn nìkan. Omi tiwa wà nínú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n fi gbé dísù ọkọ̀ wọn wá, nínú oòrùn. Inú dúrọ́ọ̀mù kan náà ni wọ́n ń ki irin tó gbóná bọ̀ kó lè tutù. Bí o bá fẹ́ mu ún, wàá kọ́kọ́ fẹ́ dísù kúrò lójú rẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná.

Wọ́n ní ajá kan. Ajá náà ń kọjá ìlà. Abọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ.

Ẹ bá mi rò ó, ẹ̀yin ará ilé. Mo gbà pé àjòjì ni mí ní Àbújá. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó ti Ṣakí wá ṣe máa jẹ́ àjòjì, tí ẹni tó la òkun kọjá wá á di onílé, tí ajá rẹ̀ á sì di ọmọ onílé? Lórí ilẹ̀ tí wọ́n bí wa sí ni wọ́n ti fa ìlà fún wa. Ó bí mi nínú débi pé oúnjẹ ọ̀sán kì í lọ lọ́fun mi. Àwọn tí mo bá níbẹ̀ ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

"Kátápílà, sinmi ariwo," ni wọ́n ń wí. "Ṣé omi lo wá mu ní Àbújá ni?"

Ìyẹn gan-an tún bí mi nínú ju ti òyìnbó lọ.

Ọwọ́ tó fẹ́ kírun

Àáfà Sálíù nìkan ni kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìlọrin ni, ó tó ọgọ́ta ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, òun ló ń lu ihò sínú àpáta níbi tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí. Ó máa ń gbé kẹ́tùlù omi wá láti ilé lójoojúmọ́, nítorí omi tí dísù wà lójú rẹ̀ kò ṣeé ṣe àlùwàlá.

Lọ́jọ́ kan, èérún òkúta ta, ó gbá kẹ́tùlù náà ṣubú, gbogbo omi rẹ̀ dànù. Ìrun Àílà sì ti tó. Alásè àwọn òyìnbó ti ṣí àgádágodo kó lè pọnmi, Àáfà bá kọjá ìlà, ó rọra yí ẹ̀rọ, ó bu ìwọ̀n tó máa tó o. Bó ṣe ń padà bọ̀ ni ọ̀gá òyìnbó jáde.

Kò lù ú. Kò bú u. Ká ní ó bú u ni, n bá ti gbàgbé. Ó wọlé, ó gbé ìgò oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jáde, ó dà á sí ẹnu ẹ̀rọ níbi tí ọwọ́ Àáfà ti kàn án, ó fi àkísà nù ún yí po, ó tún un nù. Ó fi ìka méjì mú àkísà náà, ó jù ú sínú iná alásè. Ó ti àgádágodo, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó lọ jókòó sídìí oúnjẹ rẹ̀. Ajá náà wá gbóòórùn ẹnu ẹ̀rọ, ó sín.

Àáfà dúró lójú kan, kẹ́tùlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tí wọ́n ní ó dọ̀tí yẹn, ọwọ́ tó fẹ́ fọ̀ kó lè bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ni.

N kò mọ ìgbà tí mo gbé òòlù. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ti wà lórí ìlà funfun nígbà tí ọwọ́ kan gbá mi lọ́rùn ọwọ́ mú. Àáfà ni.

"Jóṣúà, gbé e sílẹ̀."

"Àáfà, ẹ jẹ́ n wò ó bóyá agbárí tirẹ̀ náà ṣeé fọ̀."

"Gbé e sílẹ̀. Bí o bá lù ú, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo ayé máa sọ. Ta ló máa tún sọ̀rọ̀ omi?"

Mo lágbára ju ọkùnrin náà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. N kò mọ ohun tó mú kí òòlù náà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ìjókòó

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, gbogbo wa pàdé ní àgbàlá Àáfà, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Èmi, onígbàgbọ́ ọjọ́ ọdún ni mí, ẹ má tan ara yín jẹ. Ṣùgbọ́n Bàbá Dáníẹ́lì wà níbẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń jó irin, díákónì ni nínú ìjọ rẹ̀. Ó ní Jésù kò gbé idà, a kò sì rí i kó gbà pé ibi dára. Mo ní ìyẹn rọrùn fún Jésù, ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò nínú ibojì.

"Ìwọ, bí o bá lo ọjọ́ kan, ariwo rẹ á jí àwọn òkú tó kù," ni Bàbá Dáníẹ́lì fèsì. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, mo sì jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Àáfà wá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọlọ́run tó dá wa ló dá ọkùnrin yẹn. Àìsàn ẹ̀gàn ló ń ṣe é. A kì í lu aláìsàn, a kì í sì í jẹ́ kí àìsàn rẹ̀ ran gbogbo ilé. Ibi tí mo bá ara mi dé nìyẹn. Bí a bá kórìíra rẹ̀, àìsàn náà ti ràn wá nìyẹn. Bí a bá sì tún mu omi dúrọ́ọ̀mù lọ́la bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ó ti ràn wá náà nìyẹn."

Ohun tí a fẹnu kò sí rèé. A ó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, a ó jókòó sílẹ̀ nínú ọgbà, níwájú ibi tí típà ń gbà kọjá, títí wọ́n á fi ṣí omi náà fún gbogbo ènìyàn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú irin lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣépè. A ó gbààwẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, kí wọ́n má baà sọ pé a mutí. A ó máa kí òyìnbó náà láràárọ̀. A kò ní purọ́ kankan, ìbáà ṣe èyí tó máa ràn wá lọ́wọ́.

Iwájú gan-an ni wọ́n fi mí sí, nítorí àyà mi fẹ̀. Ẹ̀yin ará Ṣakí, mo ti fọ́ àpáta, mo ti bá akọ màlúù jà lọ́jà Agò, ṣùgbọ́n n kò ṣe iṣẹ́ tó le bí ìjókòó yẹn rí. Òyìnbó náà jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, a kí i, "Ẹ káàárọ̀, sà," kò dáhùn. Ó ń rìn láàárín wa bí ẹni ń rìn láàárín ewúrẹ́. Lọ́sàn-án ó bu omi tútù sí gíláàsì, ó mu ìdajì rẹ̀ níwájú mi, ó da ìyókù sílẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ mi. Ilẹ̀ mu ún, mo gbọ́ bó ṣe ń mu ún. Mo wo Àáfà, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń ṣe àdúrà. Mo bi í lẹ́yìn náà bóyá ó ń ṣépè fún un ni. Ó ní orúkọ ọkùnrin náà lòun ń wá, òun kò mọ̀ ọ́n, òun kò sì fẹ́ máa pè é ní òyìnbó níwájú Ọlọ́run.

Àgbà tó dọ̀bálẹ̀

Lọ́jọ́ kẹta ni akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà ta ọgbọ́n. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, Fẹ́mi lórúkọ rẹ̀, ó mọ ibi tí wọ́n ti lè mú wa. Ó lọ kó àgbà mẹ́ta wá láti ìgboro, láti inú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa. Èyí tó dàgbà jù, Bàbá Olóyè ni wọ́n ń pè é, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, irun rẹ̀ funfun bí òwú. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ló wí, "ẹ forí jì í. Kò mọ ìṣe wa." Ó ṣí fìlà, ó ká agbádá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku òkúta.

Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ẹ sọ òótọ́. Ẹni tó lè bí bàbá mi lọ́mọ ló dọ̀bálẹ̀ síwájú mi yẹn. A kì í jẹ́ kí àyà àgbà kan ilẹ̀ tán kí a tó gbé e dìde, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi. Mo fò dìde. Mo di èjìká rẹ̀ mú, mo ní, "Ẹ dìde, Bàbá, ó ti tán, ó ti tán." Èmi tí mo wà níwájú sì ni gbogbo ènìyàn ń wò. Bí mo ṣe dìde, ó tó ọgbọ̀n ọkùnrin tó dìde lẹ́yìn mi. Fẹ́mi bá ju ọwọ́ sí òyìnbó náà. Mo gbọ́ tí awakọ̀ típà kan ṣíná sí ọkọ̀ rẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi ohun tí mo ṣe.

Ṣùgbọ́n Bàbá Olóyè kò tíì gbà kí n gbé òun. "N kò dìde," ló wí, "àfi tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bá sọ̀rọ̀."

Àáfà kò dìde nílẹ̀ láti ìgbà náà. Ó rọra yí ara rẹ̀ padà, òun náà dọ̀bálẹ̀, ó kọjú sí bàbá náà, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Arúgbó méjì ló dùbúlẹ̀ nínú eruku yẹn, òyìnbó sì dúró ti ìlà rẹ̀, ó ń wò wọ́n.

"Bàbá," ni Àáfà wí, "a ti dọ̀bálẹ̀ fún ara wa báyìí. Ta ló máa gbé ta dìde?"

"Ọmọ mi, dárí jì í."

"Mo ti dárí jì í kí n tó kírun lọ́jọ́ náà. N kò lè gbé ìkùnsínú dúró níwájú Ọlọ́run. Tèmi ti tán. Ṣùgbọ́n omi ṣì wà ní títì, Bàbá. Ìyẹn kì í ṣe tèmi. N kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bá àwọn tó ń mu dísù dárí jì í."

Bàbá Olóyè gbé orí díẹ̀. "Omi wo?"

"Wọn kò sọ fún yín?"

"Wọ́n ní ìjà kẹ́tùlù ni."

Mo gbé e dìde nígbà náà, ó sì gbà. Ó rìn lọ sídìí dúrọ́ọ̀mù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù. Ó rìn lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó tẹ ìlà funfun mọ́lẹ̀ láì bojú wò ó, ó wo àgádágodo, ó wo abọ́ ajá. Nígbà tó padà dé, ọ̀dọ̀ akọ̀wé ló kọ́kọ́ lọ.

"Fẹ́mi, o fi ọkọ̀ gbé mi wá kí n wá fi irun funfun mi nu ẹ̀gàn wọn nù."

Bàbá Olóyè ká agbádá rẹ̀ sókè, ó jókòó ti Àáfà nílẹ̀. Àwọn àgbà méjì yòókù wo ara wọn, àwọn náà jókòó.

Àwọn tó dìde lẹ́yìn mi náà jókòó padà, ó wá ku èmi nìkan lórí ìdúró. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ní n ó sọ òótọ́: jíjókòó padà le ju jíjókòó àkọ́kọ́ lọ. "Kátápílà, jókòó o," ni Bàbá Dáníẹ́lì wí, "kí o tó tún bá wa parí ìjà." Mo jókòó. N kò dìde mọ́.

Ta ni olórí yín?

Àwọn àgbà náà lọ sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ kẹfà, òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá fún ti ọ̀dọ̀ wa wá láti ìgboro. Wọ́n fi ayùn gé àgádágodo. Wọ́n ní kí a máa mu omi náà. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá, kò sẹ́ni tó sọ pé òun ṣìṣe. Àwọn òyìnbó wa kò mu níbẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, inú ìgò ni wọ́n ń ra tiwọn wá. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ báyìí, ó ṣì ń bí mi nínú. Àáfà ní kí n jẹ́ kí wọ́n máa rà á, pé ohun tí a béèrè ni ẹ̀tọ́ wa, a kò béèrè pé kí wọ́n bá wa ṣọ̀rẹ́.

A rò pé ó ti tán. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà ni Fẹ́mi mú ìwé kan wá sáàárín wa. Ó ní ilé-iṣẹ́ kò ní lé ẹnikẹ́ni, àfi ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tó kó wa jọ. Ẹni náà gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ta ni olórí yín?"

Ojú Fẹ́mi ti wà lára Àáfà. Mo rí i tí Àáfà gbé ọwọ́ lé orúnkún, bí àgbà ṣe máa ń ṣe kó tó dìde. Ẹni ọgọ́ta ọdún. Ìyàwó rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ta ló máa gba irú rẹ̀ síṣẹ́ mọ́ ní gbogbo Àbújá? Inú mi tún ru bí ọjọ́ tí mo gbé òòlù. Ẹsẹ̀ mi yá ju tirẹ̀ lọ.

"Èmi ni."

Fẹ́mi rẹ́rìn-ín. "Ìwọ, Kátápílà? Ìwọ tó kọ́kọ́ dìde níjọ́sí?"

"Mo fi dán wọn wò ni. Ta ló tún ní ọpọlọ tó lè ro irú nǹkan yìí nínú gbogbo wọn? Wo àyà mi. Mo ní kí wọ́n jókòó, wọ́n jókòó. Mo ní kí wọ́n kí ọ̀gá rẹ, wọ́n kí i. Àáfà yìí, èmi ni mo kọ́ ọ lóhun tó sọ."

Bàbá Dáníẹ́lì wúkọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Irọ́ ló ń pa," ni Àáfà wí. "Fẹ́mi, irọ́ ló ń pa, èmi ni."

Ṣùgbọ́n bíírò Fẹ́mi ti ń rìn lórí ìwé. Ó wo Àáfà, ó wò mí, mo sì rí i pé ó mọ̀. Bóyá ojú Bàbá Olóyè ló ṣì ń tì í. "Orúkọ kan ni wọ́n ní kí n mú wá," ló wí, "mo ti rí orúkọ." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àáfà lọ kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọn. Wọn kò ṣí i.

Òun ló sìn mí sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ó dúró nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi ọkọ̀.

"Jóṣúà, inú mi kò dùn sí ọ."

"Mo mọ̀, Àáfà."

"A jọ sọ pé a kò ní purọ́. Irọ́ lo fi rà mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa mu omi yẹn?"

"Ẹ máa fi ṣe àlùwàlá. Ẹ má mu ún."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ kan náà tó fi dì mí mú níjọ́ òòlù. "N ó máa bá ọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run," ló wí, "nítorí irọ́ yẹn."

"Ẹ ṣeun, Àáfà. Ṣùgbọ́n ẹ má tọrọ gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi. Ó dùn púpọ̀ nígbà tí mo ń sọ ọ́."